Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Ẹ Máa Sọ Pé Ẹ Ò Ní Lè Rà Á

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú wàhálà ìlú. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn, aṣọ ẹbí ló sì ń gbé ọjà mi ró, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra aríyá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi kan ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó ra léèsì ìgbéyàwó ọ̀rẹ́, ó ra ańkárá ìkómọ, ó ra gèlè òkú ìyá ẹni tí kò tiẹ̀ mọ ilé rẹ̀. Owó oṣù tán, ó yá owó lórí fóònù. Ó tún yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn ayánilówó náà fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù náà, wọ́n kọ "OLÈ" gàdàgbà sí i lára. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Ibi tí mo ti ń wọn yáàdì fún oníbàárà ni tèmi bá mi.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ pé òun ò ní. Ó ní, "Mọ́mì, ojú ló ń tì mí."

Ojú ń tì ọ́! Èwo ló wá kù tí kò tíì tì ọ́ báyìí?

Bàbá bàbá mi máa ń sọ ìtàn ológò fún wa. Láyé ọjọ́un, bí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó á bẹ ológò lọ́wẹ̀. Á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀, á máa bú u tẹbítará, á máa ki adìyẹ ará ilé mọ́lẹ̀, á ní kí wọ́n se oúnjẹ wá, títí ẹbí á fi dá owó jọ. Ìjọba òyìnbó ló fòpin sí i. Àdúgbò kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ti ológò ìgbà yẹn o. Èyí tó wà nínú fóònù yín, ta ni kò ní gbọ́?

Àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ní láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti ń forúkọ àwọn ayánilówó wọ̀nyí sílẹ̀, àti pé ní 2023 Google ní áàpù wọn kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òfin wo ló máa bá ọ kọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ?

Ẹ jẹ́ n tú àṣírí ọjà: léèsì yáàdì 5 tí wọ́n ní kí o wá gbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti fowó lé iye tí mo tà á. Èrè orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ike àti abọ́ tí wọ́n ń pín lóde. Ìwọ lo wá ń fi gbèsè ra ike fún ara rẹ.

Bí o bá máa kọ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí o kọ̀. "Mi ò ní lè rà á, ṣùgbọ́n màá wá." Ó tán! Má rojọ́, ẹni tó bá ń rojọ́, wọ́n á bá a dúnàádúrà ni. Bí wọn ò bá gbé ìrẹsì fún ọ torí aṣọ, jẹun nílé kí o tó lọ. Ẹni tó bá bínú, kó bínú. Má ṣe onídùúró owó tí ìwọ fúnra rẹ kò lè san. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ, olólùfẹ́ kọ́ ló ni ín. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń fowó ilé-ìwé ra bíà fún gbogbo tábìlì torí wọ́n pè yín ní ṣíámánù, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.

Ẹni tó bá ti jẹ irú gbèsè yìí, kó sọ fún ẹnì kan nílé lónìí. Bí wọ́n bá ń dẹ́rù bà ọ́, tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́, kí o fi ẹjọ́ wọn sun FCCPC.

Èmi á máa ta tèmi lọ o. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ni kó wá.

Ìyá yín aláṣọ.