Ẹ Jẹ́ Kí Á Dáwó Yìnyín Fún Àwọn Ọmọ Wa Ní Minneapolis

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ẹgbẹ́, a kí yín kú ojúmọ́.

Owó tí a fẹ́ tọrọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti òkú, kì í ṣe ti ìgbéyàwó. Ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín ní Theodore Wirth Park, ọgbà ìgbafẹ́ ìlú wa níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ eré síkì (eré tí a ń fi pákó gígùn lábẹ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín), la fẹ́ dá a fún.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Minnesota mọ bí yìnyín ṣe máa ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù 2023 sí 2024 ló móoru jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí. Koríko la ń rí káàkiri. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 àti 18 oṣù Kejì 2024, Wirth gba àlejò ìdíje World Cup, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú síkì ọlọ́nà jíjìn ní Amẹ́ríkà láti 2001. Irú ìdíje yìí ìbá ti wáyé níbí ní 2020, ṣùgbọ́n àrùn kòrónà gbà á lọ́wọ́ wa. Jessie Diggins, ọmọ Afton nítòsí wa níbí, ṣe ipò kẹta nínú eré kìlómítà 10. Gus Schumacher ọmọ Alaska gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin. Ẹ̀rọ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú yìnyín tí wọ́n sá lé. Lóṣù kan náà, ìdíje síkì Birkebeiner ní Wisconsin, tó lókìkí fún ọ̀nà gígùn rẹ̀ láàárín igbó, di yíyí po lójú ọ̀nà kìlómítà 10 lórí yìnyín ẹ̀rọ.

Omi àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń fọ́n sókè. Tí òtútù bá mú dáadáa tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, omi á ti dì kó tó balẹ̀. Yìnyín yìí ki ju tojú ọ̀run lọ, kì í sì tètè yọ́. Ó ń jẹ iná, ó ń mu omi, ó ń gba àìsùn òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń náni lówó.

Àwọn kan ní kànga ló yẹ kí a fi owó gbẹ́ nílé. Owó ilé wà lọ́tọ̀, a ò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìlú tí ọmọ ti ń dàgbà, ìlú rẹ̀ ni. Bí yìnyín ò bá sí ní Wirth, ẹni tó ní ọkọ̀ àti àyè á gbé ọmọ tirẹ̀ lọ sí àríwá. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn àgbà ní ìlú Brooklyn Park ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ á jókòó ti fóònù títí òtútù á fi tán. Inú wa ò lè dùn sí èyí.

Dọ́là 50 ni a bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan, dọ́là 10 fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, àdúrà yín tó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀, kó fi kún un. Ẹ fi lé akápò lọ́wọ́ kí ìpàdé oṣù Kẹwàá tó dé, torí pé òru tútù àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.