Àdùkẹ́, má tíì sọ òdòdó náà nù

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ 12, oṣù Èrèlè.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. O kú iṣẹ́, o sì kú àtìrìn-àjò dé. Àwọn ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Àwa wà níbí, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ètè wa kò là mọ́, ooru ti fẹ́ gba ipò rẹ̀. Igi mángòrò ẹ̀yìnkùlé wa ti tanná tán, ó ti ń so wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń wòkè.

Mo rí fọ́tò mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ti òdòdó Epiphyllum rẹ, kákítọ́ọ̀sì ẹlẹ́ka pẹlẹbẹ yẹn, tí òtútù mú. Mo tún wò wọ́n ní ìdájí, mo fẹ̀ wọ́n lójú fóònù títí mo fi rí etí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó ti kú. Bí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé e síta." Àdùkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má gbé e síta. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tẹ lẹ́tà yìí dípò kí n kàn sọ ọ́ sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, mo sì fẹ́ kí o lè máa yẹ̀ ẹ́ wò bí o bá ń ṣe é lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tí òdòdó yẹn jẹ́ fún ọ. Mo rántí ọjọ́ tí o pè mí láti Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé màmá òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ yín gé ẹ̀ka méjì fún ọ, wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn wé e bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín. Mo rántí bí o ṣe pariwo sí mi létí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tanná, pupa fòò. Nígbà tí màmá náà kú lọ́dún tó kọjá, o ní òdòdó náà nìkan ló kù sí ọ lọ́wọ́ nínú gbogbo oore tí wọ́n ṣe fún ọ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí o kò mọ ẹnì kankan. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dà sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀. Wo fọ́tò kẹta dáadáa, ní ìdí pátápátá, níbi tí ẹ̀ka ti wọnú ilẹ̀: ó ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ó tó ìwọ̀n ìka méjì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ yé mi. O wá sílé fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ, o pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kí owó iná má baà pọ̀, o sì fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 10°C lọ, òdòdó yìí kò ní dàgbà mọ́, á kàn dúró lójú kan. Tó bá di 4 tàbí 5, ewu ti dé nìyẹn. Tó bá wá di òdo, omi inú ẹ̀ka á di yìnyín, yìnyín sì máa ń wú ju omi lọ, á máa fa ara ẹ̀ka náà ya láti inú wá. Ṣé o rántí tòmátì tí a máa ń gbàgbé sínú fíríìsà ìyá yín? Bí a bá gbé e jáde, á le bí òkúta, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ́ tán, omi lásán ni, èèpo rẹ̀ á máa yọ̀ lọ́wọ́. Ohun kan náà ló ṣe òdòdó rẹ. Gbogbo ibi tó dúdú, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, ti lọ, kò ní jí mọ́. Ṣùgbọ́n òtútù kì í tètè wọ ilẹ̀ inú ìkòkò bó ṣe ń wọ ẹ̀ka tó wà nínú afẹ́fẹ́, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò wà.

Kí o má baà rò pé mo kàn ń tù ọ́ nínú, jẹ́ kí n sọ ti ewúrẹ́ fún ọ, torí n kò sọ ọ́ fún ọ nígbà náà, inú mi bàjẹ́ jù.

O mọ tèmi, funfun, èyí tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè ní Queen of the Night. Abẹ́ igi mángòrò ni mo so ó kọ́ sí, nínú ike ọ̀dà tí mo fi ìṣó gbígbóná lu nídìí. Nígbà ọyẹ́, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n lè bá a tú ilẹ̀ rẹ̀. Mo wọlé lọ bu omi. Kí n tó jáde, ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ ẹ́ dé ilẹ̀. Kùkùté mẹ́ta péré ló kù, kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò mi lọ, orí wọn sì ya jákujàku. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú rẹ̀ kó tó tanná àkọ́kọ́. Ìyá mi ló ní kí n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò mọ̀ pé ewúrẹ́ wá."

Mo gbé e sí òjìji, n kò bomi rin ín fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀nba omi díẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mò ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ni mo bá rí nǹkan pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté kejì, kò ju orí ìṣáná lọ. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì í. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀ka tí a mọ̀. Róbótó ló rí, bíi pàṣán, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká. Nígbà tó ga dé orúnkún ló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Nítorí náà, bí o bá rí irú pàṣán bẹ́ẹ̀ lára tìrẹ ní oṣù Igbe tàbí Èbìbí, má pè é ní igbó, má fà á tu. Òun gan-an là ń retí.

Ó yá, ohun tí màá bẹ̀ ọ́ kí o ṣe nìyí. Má gbé e sítòsí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, má sì gbé e sójú oòrùn. Àánú á fẹ́ mú ọ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òtútù pa kì í fẹ́ kí a jù ú sínú iná. Yàrá tó mọ́lẹ̀ tí kò gbóná jù, bíi 12 sí 15°C, ló dáa fún un báyìí. Má bomi rin ín rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀ka tó ń mu omi ti bàjẹ́, omi tí o bá bù sí i kàn máa dúró ti gbòǹgbò ni, á sì jẹrà. Mo gbà pé omi ń pa òdòdó yìí ju òtútù lọ, torí lẹ́yìn òtútù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi omi parí rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ka tó ti di omi, tó ń ro, gé wọn lọ́la. Àwọn tó kàn ní àmì funfun tàbí àwọ̀ ìyeyè lára, fi wọ́n sílẹ̀. Àpá lásán ni wọ́n máa di, wọ́n ṣì ń bá gbòǹgbò ṣiṣẹ́. Àwọn tí kò dá ọ lójú, dúró dè wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ààlà á hàn láàárín èyí tó kú àti èyí tó yè, á rí ketekete bí ìgbà tí a fi ẹfun fàlà. Ọ̀bẹ tó mú ni kí o lò, kí o fi sípíríìtì nù ún kí o tó gé òmíràn. Bí o bá gé e, wo ojú ibi tí o gé. Inú ẹ̀ka tó dáa máa ń le, ó máa ń funfun bí inú ilá tútù, àwọ̀ ewé á sì yí i ká. Bí o bá rí àmì pupa rúsúrúsú láàárín, bó ti wù kó kéré mọ, sún wálẹ̀ díẹ̀, tún gé e. Bó bá ń rùn bí ẹ̀fọ́ tó kan, o kò tíì dé ibi tó yẹ nìyẹn.

Bí o bá rí orí ẹ̀ka kan tó yè, tó gùn tó ìbú ọwọ́ rẹ, má sọ ọ́ nù o. Tẹ́ ẹ sórí bébà níbi tí oòrùn kò dé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ojú rẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn náà kí o gbìn ín. Fi bírò sàmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí o tó tẹ́ ẹ, torí bí o bá gbìn ín lódìkejì, ó lè má ta gbòǹgbò dáadáa. Ohun tó jẹ́ kí ẹyọ kan lè di odindi ni pé kì í ṣe ewé bí a ṣe ń pè é. Igi rẹ̀ gan-an ló tẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí Haworth, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ará Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní 1812, Epiphyllum, túmọ̀ sí "lórí ewé" ní èdè Gíríìkì, ó dà bíi pé irọ́ kan náà ni ojú rẹ̀ pa fún wọn. Àwọn ojú kéékèèké tó wà ní kòtò etí ẹ̀ka, ibẹ̀ ni gbòǹgbò, ẹ̀ka tuntun àti òdòdó ti ń jáde. Ojú tó bá sì ti bí òdòdó rí kì í sábà bí òmíràn. Nítorí náà, ẹ̀ka àtijọ́ tó yè, tí kò tíì tanná, má gé e nítorí kí ìkòkò lè lẹ́wà. Òdòdó rẹ tó ń bọ̀ ló wà lára rẹ̀.

Nípa ilẹ̀: bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ pé kákítọ́ọ̀sì ni, wọ́n á rò pé ọmọ aṣálẹ̀ ni. Inú igbó òjò ní Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni irú wọn ti ṣẹ̀ wá, orí igi ni wọ́n ń gbé, ní ìkóríta ẹ̀ka, níbi tí ewé gbígbẹ bá kó jọ sí. Wọ́n jọ àfòmọ́, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní ń bá tan, inú igi onígi ló ti ń mumi. Èyí kì í jẹ igi. Ó kàn jókòó lé e ni, òjò àti ewé jíjẹrà ló fi ń ṣe oúnjẹ. Gbòǹgbò tó bá mọ irú ibẹ̀ nílé kò lè fara da ilẹ̀ dúdú tó ki. Èèpo àgbọn tí mo gé wẹ́wẹ́, èédú tí mo rà ní Tákié tí mo fọ́, àti ewé mángòrò tó ti jẹrà ni mo fi ń gbin tèmi. Lọ́dọ̀ yín, ra èèpo igi tí wọ́n ń tà fún gbígbin òdòdó orchid, kí o pò ó mọ́ perlite, àwọn hóró funfun tó fúyẹ́ yẹn. Ìkòkò kékeré ni kí o lò. Má fi ajílẹ̀ kankan sí i títí o máa fi rí ẹ̀ka tuntun.

Ó ṣeé ṣe kó má tanná lọ́dún yìí. Ẹ̀ka tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lè gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Tèmi, ẹyọ òdòdó kan ṣoṣo ló bí ní Òkúdù tó kọjá, àkọ́kọ́ lẹ́yìn ti ewúrẹ́. Láti àárọ̀ ló ti gbé orí sókè bí ọrùn lékèélékèé. Iná kò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi gbé àga jáde, a jókòó tì í. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ó bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀, o lè rí i bí ó ṣe ń mì. Nígbà tí aago mẹ́wàá fi máa lù, ó ti ṣí tán, funfun báláú nínú òkùnkùn, ìyàwó ilé kejì sì ń béèrè láti ẹ̀yìn fẹ́ńsì pé lọ́fínńdà ta ló dà nù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti sorọ̀ bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n dúńbú. Mo pè ọ́ lóru yẹn, o kò gbé e, iṣẹ́ alẹ́ lo wà. Tìrẹ tó pupa sàn ju tèmi lọ níbẹ̀ yẹn, òun máa ń wà lójú ọ̀sán fún ọjọ́ mélòó kan.

Ká ní òfin gbà á ni, ǹ bá ti ki ẹ̀ka tèmi bọ àpò gààrí tí o gbé lọ. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kò gbọdọ̀ wọ ìlú yín láìní ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn, kákítọ́ọ̀sì sì tún wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ohun ọ̀gbìn inú igbó. Àti pé tèmi kì í ṣe ti màmá. Ti màmá ni mo fẹ́ kí o gbà là. Bó bá tún di oṣù kọkànlá, dín omi rẹ̀ kù, torí èyí tó gbẹ máa ń fara da òtútù ju èyí tó mumi yó lọ. Gbé e kúrò lára gíláàsì. Bí o bá sì ń bọ̀ nílé, gbé e fún aládùúgbò kan tí ilé rẹ̀ móoru.

Lọ́la, kí o tó lọ síbi iṣẹ́, gé ẹyọ kan péré. Ya fọ́tò ojú ibi tí o gé, kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Màá dúró ti fóònù, kí n lè sọ fún ọ bóyá o tún máa sún wálẹ̀ sí i.

Ìyá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní ìbọ̀sẹ̀ onírun tí o kó wá ló gbé wọn la ọyẹ́ yìí kọjá. Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni,
Àṣàbí rẹ.