Mary Kingsley Kò Dá Rìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Mary Kingsley, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín 1893 sí 1895. Ó dára kí àwọn ọmọ wa mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Léraléra lẹ ń kọ ọ́ pé òun nìkan ló rin igbó Gabon já, bẹ́ẹ̀ ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó jáde ní 1897, kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọn ò rán an nílé-ìwé. Orí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n náwó ẹ̀kọ́ lé. Òun ń tọ́jú ìyá tó ń ṣàìsàn, ó ń fi ìwé inú ilé bàbá rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀. Ìgbà tí òbí méjèèjì kú ní 1892 ló tó ráàyè jáde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbọ́n: ó sọ ara rẹ̀ di oníṣòwò. Aṣọ, tábà àti ìwọ̀ ẹja ló ń tà, nítorí ẹni tó bá wá tajà, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló wá ṣe. Ibi tó ti ń tajà ló ti ń bèèrè nípa òrìṣà, òfin àti ìsìnkú.

Ṣùgbọ́n ní Gabon, ta ló tu ọkọ̀ ojú omi rẹ̀? Ọkùnrin mẹ́rin láti ẹ̀yà Ajumba níbẹ̀ ni, Ngouta sì ni ògbufọ̀. Kò tilẹ̀ kọ orúkọ àwọn mẹ́rin náà sílẹ̀. Ó pe ọ̀kan ní Ẹlẹ́wù Eérú, ó pe èkejì ní Onísíńgílẹ́ẹ̀tì, àwọn méjì yòókù sì di Dákẹ́jẹ́ẹ́ àti Abọ̀rìṣà. Bẹ́ẹ̀, ẹja odò tí wọ́n fi orúkọ Kingsley sọ tó mẹ́ta lónìí!

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí M'fetta, abúlé àwọn ẹ̀yà Fang létí adágún Ncovi ní Gabon. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọkùnrin abúlé ti ya dé etí omi, tìbọn tìbọn, ọ̀bẹ ti kúrò nínú àkọ̀. Kingsley kí wọn. Bí wọ́n ṣe dáhùn kò fini lọ́kàn balẹ̀. Ẹlẹ́wù Eérú ló wo ojú wọn lọ wo ojú wọn bọ̀, títí ó fi rí Kiva, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó sì ké pè é. Nígbà tí Kiva dá a mọ̀ tán ni ara tó tu gbogbo wọn. Bí ọkùnrin yìí kò bá mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ńkọ́?

Síkẹ́ẹ̀tì nípọn tó gbà á lọ́wọ́ igi ṣóńṣó nígbà tó já sínú ọ̀fìn ọdẹ, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà kọ ọ́. Ẹ ò kọ ọ́ pé àwọn Fang tó ń bá a rìn ló fi ìtàkùn fà á jáde.

Bákan náà, ẹ pè é ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin. Rárá o. Kò ti àwọn tó ń béèrè ìbò fún obìnrin lẹ́yìn. Ìjà tó jà ni ti owó orí ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bù lé àwọn ará Sierra Leone ní 1898, kò sì panu mọ́ nípa rẹ̀.

Ibà ilẹ̀ Gabon kọ́ ló pa á. Simon's Town ní Gúúsù Áfíríkà ló kú sí, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1900, lẹ́ni ọdún 37. Ó ń tọ́jú àwọn Boer, ìyẹn àwọn òyìnbó ìran Dutch tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá jagun níbẹ̀, tí wọ́n mú ní ẹlẹ́wọ̀n ogun, ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì mú un. Inú òkun ni wọ́n sin ín sí, bó ṣe fẹ́.

Ẹ ṣèlérí apá kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ẹlẹ́wù Eérú, Ngouta àti Kiva sí i.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta