Lẹ́tà sí Màmá Kàdúná, nítorí ìrọ̀rí mẹ́ta

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọyẹ́. A ti dé Kubwa ní Àbújá láyọ̀, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Ìrọ̀rí mẹ́ta tí ẹ tò léra lórí ibùsùn ni. Lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan lẹ ń lò. Lóru ọjọ́ tí mo sùn lọ́dọ̀ yín, mo gbọ́ tí ẹ ta jí, tí ẹ ṣí fèrèsé, tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bi yín, ẹ ní ọyẹ́ ni, ẹ tún ní ara àgbà ni.

Màmá, ogbó kì í dédé gba èémí lẹ́nu ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ti àbúrò yín, bàbá mi, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìpara la ń fi pa á láyà, a ń pè é ní òtútù, títí ó fi pẹ́ jù.

Mo rí ẹsẹ̀ yín náà. Okùn sílípáàsì ti wọ inú ẹran. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ yín, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè kún padà. Omi ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ń yọ ọkàn lẹ́nu fún ọdún pípẹ́, agbára ọkàn á dín, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ mọ́. Omi á sọ̀ sẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, á gòkè wá sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ni ìrọ̀rí fi ń pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, Ibuprofen tí ẹ ń lò sí orúnkún, ẹ dá a dúró títí dókítà yóò fi rí yín. Ó máa ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára.

Mi ò sọ pé ọkàn nìkan ló lè fà á o. Èéfín igi tí ẹ fi dín kósé, àkàrà àwọn Hausa, fún ọgbọ̀n ọdún lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bíi ti ẹni tó ń mu sìgá, eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti Sàhárà á sì tún dá kún un. Ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀. Òtútù àyà gan-an lè mú àgbàlagbà láìsí ibà, kó kàn jẹ́ pé oúnjẹ ò wù ú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè ti ẹsẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ni ìyẹn sábà máa ń wú, tiyín sì jẹ́ méjèèjì. Fọ́tò àyà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti skáànù ọkàn, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aboyún, ni yóò fi èyí tó jẹ́ hàn.

Ọjọ́ Ajé ni mò ń bọ̀. Màá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kubwa, màá sọ̀ ní Rigasa ní Kàdúná níbẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín kí n tó dé, tàbí tí ètè yín dúdú, tàbí tí ẹ ò lè sọ gbólóhùn kan parí kí ẹ tó mí, ẹ má dúró dè mí: ẹ kan ilẹ̀kùn Hajia, kí ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò gbé yín lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan dè mí, títí kan àgbo inú kẹ́ẹ̀gì tó wà lábẹ́ ibùsùn. Mo rí i.

Èmi ọmọ yín.