Àbẹ̀kẹ́ mi, fi ọwọ́ ara rẹ di búrẹ́ẹ̀tì mú

Ondo,
Ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Ẹsẹ̀ màmá àgbà ti ń fúyẹ́, wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kòkó tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé ò tíì gbẹ, òjò ò jẹ́ kó ráyè.

Owó tí o ní kí n fi ránṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ìkàwé yín, n kò tíì fi ránṣẹ́, kì í sì í ṣe pé kò sí. Ẹnì kan tó ti Akure dé ló sọ fún mi pé ẹ ń dáwó jọ láti ra expo, pé wọ́n á fi nọ́mbà titration (iye ásíìdì tí ẹ kán kí àwọ̀ tó yí padà) ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín lóru ọjọ́ ìdánwò. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè, o ní wàá pè mí padà, mi ò gbóhùn rẹ títí dòní. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ ló ń já mi láyà ju ọ̀rọ̀ ẹni yẹn lọ. Mi ò sọ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́, owó tó wọgbó ni, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Nínú Paper 3, ìdánwò àfọwọ́ṣe chemistry ti WAEC, kò sí nọ́mbà titration kan tó jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń po ásíìdì àti base (òdìkejì ásíìdì tó ń pa agbára rẹ̀) tirẹ̀. Olùkọ́ ibẹ̀ á ṣe titration náà fúnra rẹ̀, èsì rẹ̀ á sì bá ìwé yín lọ. Òun ni ẹni tó ń máàkì máa fi wọn tiyín. Bí ti olùkọ́ yín bá jẹ́ 23.40, tí ẹ wá kọ 25.10 tí ẹnì kan ṣe ní ìlú ibòmíràn, máàkì ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ká fóònù mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, WAEC lè wọ́gi lé gbogbo èsì rẹ, kì í ṣe ti chemistry nìkan.

Mi ò bá ọ wí pé o ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kàwé o. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ọmọ mẹ́fà bá yí búrẹ́ẹ̀tì kan (ọ̀pá dígí gígùn tí a ń kán ásíìdì láti inú rẹ̀) ká, ẹni tó yára jù ló máa ń dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn yòókù á kàn máa kọ nọ́mbà sílẹ̀. Ṣé ìwọ ti fi ọwọ́ ara rẹ di búrẹ́ẹ̀tì mú rí, Àbẹ̀kẹ́? Èsì ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ ṣe é báyìí: kí ẹnì kan dá ṣe é tán, kí ẹlòmíràn dúró tì í kó máa wo ibi tó bá ti ṣì í, kí wọ́n wá pààrọ̀. Ásíìdì ni kí ẹ fi ṣan búrẹ́ẹ̀tì, base ni kí ẹ fi ṣan pípẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń wọn base, ṣùgbọ́n omi distilled nìkan ni ti conical flask, ìgò tí ẹ ń da base sí. Bí ẹ bá fi base ṣan flask, èyí tó ṣẹ́kù sára rẹ̀ á kún 25.00 cm³ tí ẹ wọ̀n, titre, iye ásíìdì tí ẹ lò, á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí omi bá ṣẹ́kù sínú búrẹ́ẹ̀tì, agbára ásíìdì á dín kù, titre á tún ga. Ẹ ṣí tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sí ìdí rẹ̀ jáde, kí ẹ sì yọ fúnẹ́ẹ̀lì kúrò kí ẹ tó ka nọ́mbà, nítorí ẹ̀kán tó bá já bọ́ lẹ́yìn náà á ba ìṣirò jẹ́. Ẹ má fẹ́ ẹ̀kán tó kù nídìí pípẹ́ẹ̀tì jáde. Àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé yóò kù síbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá ìlà omi dọ́gba, ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ kòtò ni kí ẹ kà. Ẹ kọ 24.50, ẹ má kọ 24.5.

Ẹ̀kán méjì methyl orange, omi aró tó máa yí àwọ̀ padà, tó nínú flask. Yẹ́lò ló máa jẹ́ nínú base. Bó bá ti kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ásíìdì máa kán lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mi flask lórí ìwé funfun, kí ẹ dúró níbi tó bá ti yí sí àwọ̀ ọsàn. Bó bá ti pọ́n dòò, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Bí àkọ́kọ́ tó jẹ́ rough bá jẹ́ 25.10, tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 24.60 àti 24.40, méjì tó kẹ́yìn ni kí ẹ rò pọ̀, kí ẹ pín sí méjì: 24.50. Àlàfo wọn ò gbọdọ̀ ju 0.20 lọ.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Bí HCl (ásíìdì náà) bá jẹ́ 0.100 mol/dm³, tí Na₂CO₃ (base náà) jẹ́ 25.00 cm³, HCl méjì ló ń bá Na₂CO₃ kan ṣe. Nítorí náà, 0.100 × 24.50 ÷ (25.00 × 2) jẹ́ 0.0490 mol/dm³. Ẹ fi 106, ìwọ̀n mole kan Na₂CO₃, sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 5.19 g/dm³. Méjì tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbàgbé, tí ìdáhùn wọn á di ìlọ́po méjì.

Ní ti qualitative, ìyẹn wíwá ohun tó wà nínú omi tí wọ́n bá fún yín, ẹ má da NaOH sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kán díẹ̀ sí i, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ tó da púpọ̀. Zn²⁺ àti Al³⁺ wà lára àwọn tó ń mú precipitate (gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀) funfun wá tó máa ń yọ́ bí NaOH bá pọ̀. Ammonia ló ń ya àwọn méjèèjì yìí sọ́tọ̀: ti Zn²⁺ á yọ́ nínú rẹ̀ bó bá pọ̀, ti Al³⁺ ò ní yọ́. Bí omi ò bá sì ní àwọ̀, "colourless" ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ "clear".

Bí ilé ìwé bá ti tì, o ṣì lè kọ́ ọwọ́ nílé. Se ìṣápá, sẹ́ omi pupa rẹ̀ sọ́tọ̀. Da omi eérú èèpo kòkó tí a ti sẹ́ sínú kọ́ọ̀bù, kán ìṣápá sí i, á ṣe bí àwọ̀ ewé. Wá fi síríńjì máa kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí yóò fi padà pọ́n. Má jẹ́ kí omi eérú ta sí ọ lójú. Kò ní fún ọ ní máàkì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ á mọ bí a ṣe ń dúró ní ẹ̀kán kan.

Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kọ́ ní chemistry láàárọ̀, ìwọ tí mo bí ni mo fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi ni mo ní kí o lọ sí Akure, ìyá rẹ ò fẹ́. Ohun tó yẹ kí n dúró tì ọ́ fi hàn ọ́ ni mo jókòó tí mò ń kọ sínú ìwé yìí. Bóyá ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn.

Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa wá ọ kiri lálẹ́, wọn ò lágbára ẹ̀.

Mo máa fi owó ránṣẹ́ lọ́la: ti ìwé past question àti ti kàǹkúlétọ̀ rẹ tó bàjẹ́. Ti ẹgbẹ́ yín ò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe titration lọ́sẹ̀ yìí, pè mí lálẹ́, kí o ka nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìwọ fúnra rẹ rí fún mi, rough àti méjì yòókù. Bí wọn ò bá tiẹ̀ jọra rárá, pè mí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.