Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Ọ̀rọ̀ Ìgbàgbọ́ àti Àlàáfíà Ọkàn

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ aláró,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Ìbàdàn? Láti ọjọ́ kejì Iléyá tí o ti sọ ní pálọ̀ wa, lójú gbogbo ẹbí, pé o kò kírun mọ́ àti pé o kò gbà pé Ọlọ́run wà, ni mo ti ń mú bébà jáde tí mo sì ń dá a padà sínú dúrọ́ọ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí o lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wá sílé. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ ni kí a lọ yẹ̀ wò, pé ẹni tí kò bá ní ẹ̀sìn, bí kò bá ya wèrè, yóò ya ọ̀daràn. Wọ́n fẹ́ kí n tàn ọ́ wálé kí àlùfáà kan lè dá ọ dúró fún ogójì ọjọ́. Mo gbé omi tútù fún wọn, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Ohun tí mo rò nìyí.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì lo mọ́kànlá nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ. Mo tọ́jú wòlíì tó ń bá ògiri jà níbẹ̀. Mo tọ́jú àlùfáà kan tó jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò jẹ́ kí ó lè dìde fi omi bọ́jú fún odidi oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí kò fi ìgbà kan ṣiyèméjì nípa Ọlọ́run. Bí àìgbàgbọ́ bá jẹ́ àrùn, ó yẹ kí ó wà nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àrùn lẹ́sẹẹsẹ, n kò sì bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èrò ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yìí ti ṣe ènìyàn léṣe rí. Ní 2014, ní Kánò, ẹbí Mubarak Bala gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ọpọlọ nítorí pé ó ní òun kò ṣe ẹ̀sìn mọ́. N kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tèmi, kí ọkàn rẹ balẹ̀ lórí ìyẹn.

Síbẹ̀, n kò ní tìtorí pé mo fẹ́ gbèjà rẹ kí n wá purọ́ fún ọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í sábà pọ̀ lára àwọn tó ń lọ sí ilé ìjọsìn déédéé tó bí ó ṣe ń pọ̀ lára àwọn tí kì í lọ, wọn kì í sì í sábà gbẹ̀mí ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ìbá jó bí wọ́n bá gbọ́. Ohun tí a kì í sọ mọ́ ọn ni pé lílọ yẹn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ju ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ nínú iyàrá rẹ̀ lọ. Ó sì ní ẹ̀yìn mìíràn tí èmi fojú ara mi rí: nígbà tí àìsàn ọkàn bá ń bọ̀ lára ènìyàn, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀, kí ó tó fi oúnjẹ àti ìwẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá wá ka iye àwọn tí kò lọ yóò rò pé àìlọ ló fa àìsàn, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn ló fa àìlọ fún àwọn mìíràn nínú wọn.

Ní 1897, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Émile Durkheim, tẹ ìwé jáde lórí àwọn tó ń pa ara wọn. Ó kíyè sí i pé ó pọ̀ láàárín àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ju àwọn Kátólíìkì lọ. Jésù kan náà ni àwọn méjèèjì ń ké pè, nítorí náà kò so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́; bí okùn tó so ènìyàn mọ́ ènìyàn nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe yi tó ni ó tọ́ka sí. Àwọn kan ti bá a jiyàn lórí òǹkà rẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní wọ́ọ̀dù, okùn yẹn ni mo ń rí.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti Abẹ́òkúta rí i ṣáájú mi. Ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró: dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ ilé ìwòsàn, ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó wà ní àyíká, ó sì ní ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó fi oògùn òyìnbó tọ́jú wọn, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. N kò gbọ́ pé ó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá mùsùlùmí ni tàbí onígbàgbọ́ tàbí ẹlẹ́bọ. Kí aláìsàn má dá wà ni ó ń lé.

O lè sọ pé ní Finland, ṣebí ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀, síbẹ̀ láti 2018 ni orílẹ̀-èdè náà ti ń gba ipò kìíní lọ́dọọdún nínú World Happiness Report, ìròyìn tí wọ́n fi ń wọn ìdùnnú ọmọ aráyé. Òótọ́ ni. Ní 2011, Ed Diener, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe àlàyé rẹ̀: ibi tí nǹkan ti nira ni ẹ̀sìn ti ń mú ìgbé ayé ènìyàn dára sí i, nítorí ìrànlọ́wọ́ àti ọ̀wọ̀ tí ó ń rí níbẹ̀, ibi tí nǹkan ti rọ̀ṣọ̀mù, ìyàtọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìbàdàn ni ìwọ ń gbé, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí a lọ wá ẹ̀jẹ̀ fún bàbá rẹ ní aago méjì òru, ìjọba kọ́ ló wá. Àwọn obìnrin àsàlátù wa ni wọ́n dáwó, ọkọ ọ̀kan nínú wọn ló sì fi máṣíìnì gbé e dé. Ẹni tó bá jáde kúrò nínú irú agbo bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí agbo rẹ̀ mìíràn wà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti ọ̀daràn tí wọ́n sọ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti Ọláìyá dé Ìgbọ̀nà, a kì í rìn jìnnà kí a tó bá ilé ìjọsìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ yahoo tó ń lu jìbìtì ń gbààwẹ̀ kí iṣẹ́ wọn lè bọ́ sí i. Táí Ṣólàárín kò gba Ọlọ́run gbọ́, gbogbo ayé ló mọ̀. Òun náà ló dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, tó ń wọ ṣòkòtò péńpé kiri títí ó fi kú ní 1994, tí n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni na ìka olè sí i. Nínú ilé tiwa gan-an, ìyá bàbá rẹ ń bọ Ọ̀ṣun, bàbá rẹ ń kírun, àbúrò mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwà ni a fi ń mọ ẹni tí a lè fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí ni mo dé yìí. Ìwọ tí o máa ń kírun Àsùbáà kí n tó jí, lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ bàbá rẹ ni o dáwọ́ dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ náà o sọ fún mi ní kíṣìnnì pé Ọlọ́run kórìíra wa. Ẹni tó ń bá Ọlọ́run bínú kò tíì di aláìgbàgbọ́, ọmọ mi, ìbínú yẹn sì léwu fún ara. Ní 2001, Kenneth Pargament, òun náà onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde lórí àwọn aláìsàn tó ti pé ẹni ọdún 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600, tí wọ́n sì tọpa wọn fún nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn tó ń rò pé Ọlọ́run ti pa wọ́n tì, tàbí pé èṣù ló fi àìsàn náà ṣe wọ́n, ni ikú mú jù. Nítorí náà mo fẹ́ kí o dá ara rẹ lóhùn, kì í ṣe èmi: ṣé o rò ó títí ni o fi kúrò, tàbí ọkàn rẹ ló wúwo tí ohun gbogbo fi tẹ́ lẹ́nu rẹ, tí àdúrà sì wà lára wọn? Ṣé o ń sùn? Ṣé o ṣì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jáde? Mo rí i pé ẹran Iléyá tí mo bù fún ọ, o kò fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá jẹ́ ti èrò, èrò rẹ ni, màá máa bá ọ jiyàn títí tí n ó fi kú, a ó sì jọ máa jẹun. Bí ó bá jẹ́ ti ọkàn tó wúwo, dókítà ọpọlọ ni kí o lọ rí, kí ó má sì ju ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ fún un. Má fi ra bàtà.

Èmi ṣì ń gbàdúrà fún ọ, ní ìrun márààrún, má bínú sí mi lórí ìyẹn. Àwọn obìnrin àsàlátù ń béèrè rẹ. Mo sọ fún wọn pé o kò kírun mọ́, ìyá àgbà wọn sì ní ṣé o kò lè ro àmàlà mọ́ náà ni, nítorí wọ́n fẹ́ ṣe sàráà ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọwọ́ kò sì tó. Mo ní o ń bọ̀. Tètè wọkọ̀ ní Ìwó Róòdù, kí ilẹ̀ má ṣú bá ọ lọ́nà, kí o sì sọ fún dírẹ́bà pé kí ó má já ọ sílẹ̀ ní Ọláìyá.

Èmi ni ìyá rẹ.