Sí Ọmọ Mi Tó Ní Òun Fẹ́ Pa Eré Fífò Sókè Tì

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ sí mi, mo sì kà á ní àkàtúnkà. O ní ipò kẹrin tí o ṣe níbi ìdíje àṣàyàn yẹn ti mú kí gbogbo rẹ̀ sú ọ. O ní ọdún 24 ti pé ọ, àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń gba àmì ẹ̀yẹ, ó sì kù díẹ̀ kí o kó bàtà rẹ dànù. Mi ò ní bá ọ jà. Ìwọ lo ni ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ lo mọ bó ṣe ń ro ọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí o má fi ìbànújẹ́ ọ̀sẹ̀ kan pinnu ọ̀rọ̀ tó ti gbà ọ́ lọ́pọ̀ ọdún. Sinmi ná. Bí ọkàn rẹ kò bá fà sí i mọ́ lẹ́yìn ìsinmi náà, fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè nínú ilé yìí.

Mo mọ̀ pé àwòrán Yaroslava Mahuchikh, ọmọ Yukréìn tó ń fò sókè, lo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ. Ọmọ yẹn gbayì lóòótọ́. Ọmọ ọdún 22 péré ni nígbà tó fo mítà 2.10 ní Paris lóṣù keje ọdún 2024, tó sì gba ipò obìnrin tó fò ga jù láyé lọ́wọ́ Stefka Kostadinova ti Bùlùgéríà, ẹni tí mítà 2.09 rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1987. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fi ọjọ́ orí tirẹ wé ti Mahuchikh láràárọ̀, ara rẹ lò ń dá lóró. Ẹlòmíràn ni mo fẹ́ kí o wò.

Ruth Beitia lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Santander ní Sípéènì, ọdún 1979 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí Òlíńpíìkì Áténì lọ́dún 2004, ó lọ sí ti Beijing lọ́dún 2008, kò mú àmì ẹ̀yẹ kankan bọ̀ nínú méjèèjì. Lọ́dún 2007 ló fo mítà 2.02, kò sì fo ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ro ìyẹn wò dáadáa, ọmọ mi. Lẹ́yìn tó ti fo ibi tó ga jù láyé rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ògo rẹ̀ tó dé.

Nígbà tí Òlíńpíìkì London máa fi dé lọ́dún 2012, ó ti pé ọmọ ọdún 33. Ó fo mítà 2.00, ipò kẹrin ló ṣe, bíi tìrẹ. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó yá, ó padà. Lọ́dún 2013, ó gba góòlù Yúróòpù ti inú gbọ̀ngàn, ó tún gba idẹ níbi ìdíje àgbáyé ní Moscow. Góòlù Yúróòpù ti orí pápá tó ti gbà ní Helsinki ṣáájú London, ó tún un gbà ní Zurich lọ́dún 2014, ó sì tún gbà á ní Amsterdam lọ́dún 2016. Lóṣù kẹjọ ọdún 2016 yìí kan náà, ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Rio de Janeiro. Ọmọ ọdún 37 ni. Òun ni obìnrin Sípéènì àkọ́kọ́ tó gba góòlù Òlíńpíìkì nínú eré orí pápá.

Ìdíje Rio yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o lọ wò, má wo ayọ̀ ìparí nìkan. Obìnrin mẹ́rin ló fo mítà 1.97 lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pá dé mítà 2.00, gbogbo wọn ló kùnà. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Àwọn adájọ́ padà sẹ́yìn, wọ́n ka iye ìgbà tí oníkálùkù já ọ̀pá bọ́. Beitia kò tíì já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó kan 2.00. Gbogbo ìyókù ló ti já a níbì kan. Chaunte Lowe ti Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣe ipò kẹrin, gíga kan náà lòun àti ẹni tó gba góòlù fò. Òun ló padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Mo ti wo ìwé èsì tí o fi ránṣẹ́. Ìwọ àti ẹni tó ṣe ipò kẹta, ibì kan náà lẹ fò dé. Níbi tó rọrùn fún ọ lo ti já ọ̀pá bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí o máa ń fò bí ẹni ń ṣeré. Ó dá mi lójú pé ọ̀pá òkè lo ti ń rò nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì wà níwájú rẹ. Kóòṣì rẹ mọ èyí jù mí lọ, ṣùgbọ́n nínú fídíò tí o fi hàn mí, bí o bá ti wọ ibi tí eré sísá ti máa ń tẹ̀ kọrọdọ, o kì í fi ara tẹ̀ sínú bó ṣe yẹ. O ti nàró kí ẹsẹ̀ tí o fi ń ta sókè tó balẹ̀, èjìká rẹ ti kọjú sí ọ̀pá, ìdí rẹ ló sì ń kàn án. Ẹ jọ ṣiṣẹ́ lórí ìṣísẹ̀ márùn-ún ìkẹyìn yẹn. Kí gíga àkọ́kọ́ nínú ìdíje rẹ tó ń bọ̀ gba gbogbo ọkàn rẹ bí ẹni pé òun ló kù.

Ọ̀rọ̀ kóòṣì ni mo tún fẹ́ sọ. Ramón Torralbo ló kọ́ Beitia láti ìgbà èwe, òun náà ló wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Rio. Má fi ìbínú já okùn tó wà láàárín ìwọ àti ẹni tó ti mọ ara rẹ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹni tó ń sọ fún ọ pé gbogbo wọn ló ń lo oògùn, pé ìwọ nìkan lò ń ya òmùgọ̀, sá fún un. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Obìnrin Rọ́ṣíà tó gba idẹ níwájú Beitia ní London, lọ́dún 2019 ni ilé ẹjọ́ eré ìdárayá dá a lẹ́bi oògùn, wọ́n sì fagi lé èsì rẹ̀. Beitia ló wá di ẹni kẹta. Ó dùn mí pé kò rí ọjọ́ náà gbádùn níwájú èrò, torí wọ́n ti jí i lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ mọ́ títí dòní. Èwo nínú obìnrin méjèèjì lo fẹ́ jẹ́?

Oúnjẹ wá ńkọ́? Èyí ló ń dùn mí jù, òun ni mi ò sì fẹ́ kí o fojú kéré. Mo mọ̀ pé nínú eré yín, ẹni tó bá tín-ínrín ni wọ́n ń yìn. Ara tí kò jẹun tó kì í fò, ńṣe ló máa ń fọ́. Bí oúnjẹ kò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, nǹkan oṣù obìnrin á dáwọ́ dúró, egungun á sì máa rọ títí tó fi máa sán. O sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé tìrẹ kò wá fún oṣù mélòó kan, o sì yí ọ̀rọ̀ náà padà kíákíá. Mi ò gbàgbé. Lọ rí dókítà, kí o sọ òtítọ́ fún un, kí o sì jẹun yó kí o tó lọ gbaradì.

Ìwé rẹ náà, má pa á tì. Beitia kàwé fisiotẹ́rápì, ó tún jẹ́ aṣòfin ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Cantabria nígbà tó ṣì ń fò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì pátápátá lọ́dún 2017, ó ní ibi tó ń lọ. Ọdún kan péré ló kù fún ọ nílé ìwé.

Nítorí náà, gba ìsinmi oṣù kan. Má fo nǹkankan, má sì kọ ìwé ìfẹ̀yìntì kankan sí ẹgbẹ́ yín kí oṣù náà tó pé. Bàbá rẹ ti gbà pẹ̀lú mi. Bí èsì dókítà bá ti jáde, fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi han ẹnikẹ́ni, kí o sì bá mi kí kóòṣì rẹ dáadáa.

Èmi ni,
Màmá rẹ